Ta Ló La Ọkọ̀ Israfil?

Ọkọ̀ ojú omi onírin tí Israfil kàn ti là nídìí kó tó ti ìrun Jímọ̀ dé.

Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní òkun, wọ́n sì ti fi Israfil wẹ́dà ṣẹ̀fẹ̀ tó l'Ọ́jà Igbó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan láti Warri, níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ń bọ̀ lọ́la wá wo iṣẹ́ náà. Bó bá dára, yóò mú Israfil lọ síbi iṣẹ́ ní Warri.

Inspẹ́kítọ̀ Tẹniọlá, ọlọ́pàá tí Israfil pè, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Israfil fi iná jó pọ̀ láàárọ̀ ló ti là, tẹ́ẹ́rẹ́. Kò sí ojú òòlù kankan. Ó fọwọ́ kan eérú tí wọ́n fi bo irin náà. Ó ti di ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà.

"Kí ni eérú yìí wà fún?"

"Kí irin má bàa tètè tutù ni, mà. Ibi tí mo jó ti fẹ̀ nítorí iná. Tí omi tútù bá kàn án lójijì, á fẹ́ sún kì, irin tó yí i ká ò sì ní gbà fún un. Wọ́n á fa ara wọn ya."

"Ta ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Ó ní òun ti kìlọ̀ fún Ebenezer, tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara kanra, àti Olúwaṣèyí tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́ Warri. Bàbá òun náà wà níbẹ̀.

Olúwaṣèyí ń jó géètì n'Ìkòyí-Ilé láti àárọ̀, onígéètì sì jẹ́rìí sí i. Ebenezer ò lọ Jímọ̀ ní tiẹ̀, gbogbo ojú bá wà lára rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ tí nǹkan dún pà, òun rò pé táyà ni. Tẹniọlá yọjú wo dúrọ́ọ̀mù omi rẹ̀. Eruku ló wà nídìí ẹ̀.

Ó lọ kí Bàbá Mashood, bàbá Israfil, lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò kúrò lórí àga. Tẹniọlá gbé kẹ́tù àlùwàlá wọn, ó dojú rẹ̀ dé. Eérú ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Kẹ́tù oníke ni, kì í dé ìdí ààrò.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ da omi sí i."

Bàbá gba kẹ́tù náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Èmi ni. Látìgbà tí ìyá àwọn ọmọ mi ti kú ni wọ́n ti ń fi mí sílẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Israfil nìkan ló kù. Tóun náà bá lọ, ta ló máa bi mí bóyá mo jí?"

Àánú Bàbá ṣe Tẹniọlá gan-an, nítorí òun náà ń dá gbé. Ó bi Israfil bóyá yóò pẹjọ́. Israfil ní rárá, kò sì wojú bàbá rẹ̀.

Ọ̀gá Warri dé, ó wo ibi tó là, ó bá tiẹ̀ lọ. Israfil ò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sí àdúgbò Under G, ó gba yàrá síbẹ̀, kò sì yà sílé bàbá rẹ̀ mọ́.