Ìwé Ìpè Tí Àpínkẹ́ Kò Fẹ́ Fọwọ́ Kàn

Mi ò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí Agbowó, pé ẹni tí kò bá fọwọ́ kan ìwé ìpè, kóòtù ò lè dá ẹjọ́ rẹ̀. Irọ́ pátápátá ni!

Àpínkẹ́ aránṣọ gbà á gbọ́ ní tirẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Tàjúdéènì, akódà kóòtù ìbílẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri ṣọ́ọ̀bù Àpínkẹ́, ó sì na ìwé ìpè sí i. Bándélé, ọkọ rẹ̀ àtijọ́, ti pè é lẹ́jọ́. Ó fẹ́ gba Láwùmí, ọmọ wọn ọlọ́dún mẹ́fà, lọ sọ́dọ̀ ìyá tó bí òun Bándélé lóko. Ikọ́ fée sì ń ṣe ọmọ náà.

Àpínkẹ́ kó ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn.

"Má gbà á o!" Ìyá Zùwáírátù, onílé rẹ̀, ló pariwo láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ọmọ tó bá ti já lẹ́nu ọmú, ti bàbá ẹ̀ ni. Gbé e sá lọ sí Ṣakí!"

Bàbá Tàjúdéènì mirí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ sí wàhálà. Tí kò bá gbà á, màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, kóòtù á sì kà á sí pé ó ti gbà á. Tí kò bá yọjú, ẹnu Bándélé nìkan ni adájọ́ máa gbọ́."

Àpínkẹ́ figbe ta. "Yéè! Bàbá, ṣebí bàbá ẹ̀ náà ni wọ́n máa gbé e fún?"

"Ayé àtijọ́ nìyẹn. Nínú òfin tí kóòtù ń lò báyìí, àlàáfíà ọmọ ló ṣáájú. Mú káàdì ọsibítù ẹ̀ dání. Mú ẹni tó mọ bí ẹ ṣe ń gbé wá." Ó yíjú sí onílé. "Ẹ̀yin gan-an lẹ máa jẹ́rìí."

"Èmi kẹ̀?"

Àpínkẹ́ gba ìwé náà, nígbà tí ọjọ́ ẹjọ́ sì pé, Ìyá Zùwáírátù bá a lọ ṣá.

Ní kóòtù, adájọ́ bi Bándélé pé, "Tí ikọ́ bá gbé ọmọ yìí lójijì, kí ni ìyá rẹ máa ṣe?"

"Wọ́n á... wọ́n á fi epo ra á láyà."

"Òògùn wo ni dókítà ní kó máa lò?"

Bándélé ní òun ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá Zùwáírátù wá ròyìn bí Àpínkẹ́ ṣe máa ń pọn ọmọ sáré lọ sí ọsibítù láìwọ bàtà.

Adájọ́ ní kí Láwùmí dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní kí Bándélé máa mú owó oúnjẹ wá sí kóòtù lóṣooṣù, kó sì máa wá kí ọmọ rẹ̀ ní Sátidé.

"Mi ò mọ̀ pé àìsàn náà le tó bẹ́ẹ̀," ni Bándélé sọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, tí kóòtù bá ké sí yín nítorí ọmọ, ẹ gba ìwé yẹn, ẹ wo ọjọ́ tó wà nínú ẹ̀, kí ẹ sì lọ. Ẹ má gbé ọmọ sá. Ẹ̀yin aládùúgbò, tí ẹ ò bá mọ òfin, ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ká ní Àpínkẹ́ gba ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni, oko ni Láwùmí ì bá wà lónìí, lọ́dọ̀ ẹni tí kò mọ orúkọ òògùn rẹ̀.