Ẹni Tó Dákẹ́ Nídìí Ère

Ọjọ́ tí Onípàtẹ kọ́kọ́ pàdé Tíṣà, ńṣe ni ọkùnrin náà ń fọwọ́ pa gíláàsì kiri bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn. Onípàtẹ ni àwọn ará ibi iṣẹ́ fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pe obìnrin náà, torí òun ló ń ṣètò ìpàtẹ ère nílé ìṣẹ̀ǹbáyé. Tíṣà kò ríran, àwọn ọmọ tí kò ríran ló sì ń kọ́. Wọ́n pè é kó wá yẹ iṣẹ́ náà wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú.

“Ẹ ṣe àmì tí afọ́jú ń fọwọ́ kà,” ó ní, “ẹ wá tì í mọ́nú gíláàsì. Ṣé imú ni kí n fi kà á ni?”

Ojú ti Onípàtẹ, ẹ̀rín sì ń pa á. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Tíṣà ń wá ràn án lọ́wọ́: wọ́n rẹ tábìlì sílẹ̀ fún ẹni tó bá wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ẹ̀dà ère tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Onípàtẹ fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ pé bí wọ́n bá sún mọ́ ẹni tí kò ríran, kí wọ́n kọ́kọ́ fọhùn.

Ẹnu iṣẹ́ náà ni ìfẹ́ ti bá wọn. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Adúmáradán.

“Ta ló sọ fún ọ pé mo dú?”

“Ọwọ́ mi ló sọ pé o ń dán. Dúdú yẹn, mo gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀.”

Àmọ́ nígbà tí Onípàtẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ìyá fàáké kọ́rí. Kò tíì rí ọkùnrin náà rí, síbẹ̀ ó ní òun ò bímọ kó wá di ọ̀pá afọ́jú. Onípàtẹ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bí Tíṣà bá béèrè ìgbà tí òun máa wá kí màmá, á ní wọn ò tíì ráyè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ, ìyá wá. Bí òun àti Onípàtẹ ṣe dé ìdí ère abiyamọ, Tíṣà nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ lórí ère. 

Tíṣà gbọ́ ìró ẹsẹ̀. “Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?”

Onípàtẹ sé èémí. Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀ títí, nígbà tí kò fọhùn, òun fúnra rẹ̀ dáhùn pé, “Èmi ni, ọmọ mi.” Tíṣà bá mú ọwọ́ ìyá, ó rọra fi pa ojú ère náà, ó ń sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Ìyá di ojú tirẹ̀ náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá béèrè pé, “Ṣé òun nìyẹn?”

“Rárá, mà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

“Ó mà ṣe o. Eléyìí ìbá ṣeé gbà.”

 Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Irọ́ tirẹ̀ ò tilẹ̀ rìn jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní àgbàlá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, inú Tíṣà ń dùn. Ó ń ròyìn màmá kan tó dá òun lóhùn bí ẹni pé ọmọ wọn lòun. Ó ní ẹnì kan wà pẹ̀lú wọn tí kò lanu. Ó ní láti jẹ́ òṣìṣẹ́, kí Onípàtẹ bá wọn wí.

“Ìbá ṣe pé ìyá rẹ dà bíi màmá yẹn,” ó ní, “wọn ì bá ti ráyè rí mi.”

Onípàtẹ mọ̀ pé bí òun bá dákẹ́, Tíṣà kò ní mọ̀ láéláé. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn.

“Ìyá mi ni.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Tíṣà. “Ta ló wá dákẹ́?”

“Èmi ni. Ẹ̀rù ló bà mí, olùfẹ́ mi. Jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

Tíṣà yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọwọ́ Onípàtẹ, ó rọra yọ ọ́.

“Mo ti dárí jì ọ́,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ ọ, ìgbàkígbà tí ilé bá pa rọ́rọ́, màá máa ṣiyèméjì bóyá o wà níbẹ̀.”

Omijé ń dà lójú Onípàtẹ. Tíṣà dìde, ó na ọ̀pá rẹ̀ síwájú.

“Bá mi kí màmá,” ó ní, ó sì ń lọ.