Iyọ̀ Inú Ọṣẹ

"Ganiat, ṣe kíá! Àwọn adájọ́ ìdíje ti ń bọ̀ ní tábìlì wa." Haleem, tí wọ́n jọ ń ṣe ìdíje sáyẹ́ǹsì náà, ló ń kán an lójú.

Ganiat tẹjú mọ́ ìgò. Òróró àti omi inú rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ra, wọ́n funfun bíi wàrà. Ọṣẹ tí olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán, gbà wá láti yunifásítì kì í ṣe ọṣẹ lásán. Bí a bá fẹ́ kábọ́ọ̀nù dayọ́ksaìdì sí i, gáàsì tó ń hó nínú ẹlẹ́rìndòdò, á so omi àti òróró pọ̀. Bí a bá mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí a fẹ́ atẹ́gùn lásán sí i, á tú wọn sílẹ̀. Àmọ́ lónìí, títú ń falẹ̀. Ẹni tó bá sì gbégbá orókè ni yóò lo ìsinmi rẹ̀ ní yàrá ìwádìí yunifásítì náà.

"Bu iyọ̀ sí i jàre," Haleem sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Who go know?"

Iyọ̀ kẹ̀! Ọkàn Ganiat fò lọ sí ẹ̀yìnkùlé wọn l'Ẹnu Ọ̀wá, níbi tí Ìyá Àgbà ti máa ń se ọṣẹ dúdú nígbà ayé rẹ̀. Àárò ìyá náà sọ ọ́ gidigidi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ òórùn eérú àti àdín gbígbóná. "Àbẹ̀kẹ́, má gbé iyọ̀ sún mọ́ ìkòkò mi o," ni ó máa ń wí, tí yóò fi oríkì pe Ganiat. "Ọṣẹ tí iyọ̀ bá tú, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́."

Ganiat mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìkánjú borí rẹ̀. Ó da iyọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí òróró fi léfòó, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì pàtẹ́wọ́.

Alhaja Morufat, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó mà dáa o. Ó yá, so wọ́n pọ̀ padà ká rí i."

Ganiat fẹ́ gáàsì sí i. Ó fẹ́ ẹ, fẹ́ ẹ, ó sú u. Òróró wà lókè, omi wà nísàlẹ̀, bí orogún méjì tí kò bára wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ ti dé orí ahọ́n rẹ̀, pé gáàsì ló tán. Ó rántí Ìyá Àgbà, ojú sì tì í.

"Ẹ má bínú, mà. Iyọ̀ ni mo dà sí i."

Ẹlòmíràn ló lọ sí yunifásítì. Ganiat sunkún títí nídìí ààrò ọṣẹ àtijọ́ tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wọn, ó sunkún ìdíje, ó sì sunkún Ìyá Àgbà.

Nígbà tó yá, Ọ̀gbẹ́ni Ọláìtán fún un ní èyí tó ṣẹ́ kù nínú ọṣẹ náà. "Tún un ṣe. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ẹ̀yìnkùlé yẹn náà ló ti ṣe é. Ó mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì dúró dè é. Òróró léfòó. Ó fẹ́ gáàsì sí i, gbogbo rẹ̀ tún funfun padà. Ganiat rẹ́rìn-ín, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti wá yé e pé ọ̀nà ẹ̀bùrú yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní àbọ̀.