Ẹgbẹ̀rin Wákàtí Saïd

Ọjọ́ tí Zoulfath kọ́kọ́ rí Saïd, ó rò pé inú ọpọ́n ìwẹ̀ ni ọkùnrin náà jókòó sí. Páànù funfun gígùn kan wà láàárín mágásìn ìkẹ́rùsí tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ní lẹ́bàá ojú irin Tchaourou. Ọkùnrin kan fẹ̀yìn tì sínú rẹ̀ tòun taṣọ, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ nǹkan tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹ kú ìwẹ̀ o," ni Zoulfath wí. Àpò òfìfo ni bàbá rẹ̀ rán an wá mú.

"Kì í ṣe ìwẹ̀, mademoiselle. Avion ni, bàlúù. Mò ń wò ó bóyá ẹsẹ̀ mi á gùn tó."

Zoulfath wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ṣé ẹ ti jẹ apá rẹ̀ ni?"

"Ó ṣì wà nínú àpótí. Ègé-ègé ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Èmi ni mo máa tò ó."

Ó ṣàlàyé fún un pé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ló ra bàlúù kékeré náà, kí wọ́n lè máa ti òkè rí iná tó ń jẹ oko kajú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ghana ló ti kọ́ iṣẹ́ títo bàlúù, àmọ́ alùpùpù ló ń tún ṣe jẹun láràárọ̀. Ẹ̀rín pa Zoulfath títí tó fi gbàgbé àpò. Ó padà wá mú un lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí àpò kankan láti wá mú, síbẹ̀ ó wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn dénú ilé, Bàbá Karimou, bàbá Zoulfath, kò kọ̀. Ohun tí kò fẹ́ ni àna tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lópin.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni nǹkan yìí á parí?"

"Baba, ìwé rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ̀rin wákàtí."

Oníṣòwò kajú tó lè ṣírò ọgọ́rùn-ún àpò láì mú bíírò ni Bàbá Karimou. Ó dijú, ó fi wákàtí mẹ́rìnlélógún pín in. "Bon. Ọjọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Jímọ̀ tó bá tẹ̀ lé e la ó so yìgì."

Saïd rò pé àna òun kàn ṣojúure ni, tí kò fi dúró de bàlúù kó tó dájọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́. Inú àwọn méjèèjì dùn, kálukú sì gbé ìtumọ̀ tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ pé. Bàbá Karimou kó àwọn àbúrò rẹ̀ lọ wo bàlúù. Apá kan ṣoṣo ni wọ́n bá lórí tábìlì, páànù kò tíì bò ó tán. Bàbá yí padà sílé. Bó ṣe wọlé, ó ní kò sí yìgì mọ́.

Orí Zoulfath dàrú. Saïd kò purọ́ fún un rí, bàbá rẹ̀ náà kì í purọ́. Bí àwọn méjèèjì bá sọ òótọ́, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn obìnrin tó ń wọn kajú nídìí òṣùwọ̀n ń sọ ọ́ sí i létí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ó pe Saïd lórí fóònù. "Ẹgbẹ̀rin ni mo sọ, ẹgbẹ̀rin náà ni," ni Saïd ń wí, ọ̀rọ̀ náà sì tún wá rú u lójú sí i. Ìfẹ́ rẹ̀ ń dun Zoulfath láyà, kò sì mọ̀ bóyá kó bínú tàbí kó bẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àláásárì, ó lọ jókòó sórí àpótí kan ní mágásìn. "Má bá mi sọ̀rọ̀. Ṣiṣẹ́ ẹ."

Saïd ń lu ihò, ó ń fi ìṣó kéékèèké mú páànù mọ́ra, ó ń fi ìka yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Màgàríbì, ogójì ló ti kàn. Ló bá tún yọ mẹ́ta.

"Kí ló ṣe wọ́n?"

"Wọ́n wọ́."

"Ta ló máa rí i?"

"Kò sẹ́ni tó máa rí i. Àmọ́ ẹnì kan á jókòó sínú rẹ̀ lókè." Ó mú ìwé, ó kọ ọ́ síbẹ̀: wákàtí méjì.

"Méjì péré?"

"Méjì lójúmọ́. Láàárọ̀, alùpùpù. Lálẹ́, mo máa ń sùn."

Ó wá yé Zoulfath. Ó rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó sáré wọlé tọ bàbá rẹ̀. "Baba, ẹ ti ka òru mọ́ ọn. Èèyàn ń sùn."

Bàbá Karimou tún dijú, ó tún un ṣírò. Àgbà tó ṣi ìṣirò ṣe kì í tètè rí ẹnu sọ ọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé Zoulfath lọ sí mágásìn.

"Kí ló lè mú un yá?"

"Baba, ẹnì kan tó máa di irin mú lódìkejì páànù, kí n lè máa lu ìṣó."

Bàbá wo ọmọ rẹ̀ tó ti dìde láti gba irin náà. Ó húkọ́. "Kò bójú mu kí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ máa wà níbí títí di Màgàríbì lójoojúmọ́. Jímọ̀ yìí la ó so yìgì."

Wọ́n so ó. Nígbà tó di Sátidé, ìyàwó wà lódìkejì páànù, ó di irin mú, làálì ọwọ́ rẹ̀ ṣì pupa.

"Ó máa ju ọdún kan lọ o, ìyàwó mi."

"Mo ti gbọ́. Àmọ́ kò tíì yé mi bí páànù ṣe máa fò."

"Ó máa yé ẹ."

"Bí kò bá yé mi náà, mo wà níbí. Lu ìṣó ẹ."