Òùngbẹ Jeremiah

"Ẹ wò ó," ni Ọmọ́tóyọ̀sí wí, ó na ìka sókè bí ẹni tó ń búra, "ẹni tó bá ń lo oògùn ọpọlọ kò lè kọjá níwájú mi kí n má mọ̀. Láti òdìkejì títì ni n ó ti dá a mọ̀. Ojú mi yìí, ẹ̀rọ ni!"

Nínú takisí tó ń ti Ìkẹ́rẹ́ lọ sí Emùré ló ti ń fọ́nnu. Nọ́ọ̀sì ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ nílé ìwòsàn kan n'Ìkẹ́rẹ́, awakọ̀ ló sì bi í bóyá àwọn wèrè kì í bà á lẹ́rù. Ọkùnrin tó jókòó tì í gùn débi pé orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ó sì gbé gúlóòbù ńlá kan lé ẹsẹ̀, irú èyí tí àwọn tíṣà fi ń kọ́ ọmọ ní bí ayé ṣe rí. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń já sí kòtò ni irin gúlóòbù ń gún Tóyọ̀sí nígbèé.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ayé sọ̀rọ̀. Ó ń gún mi."

"Ẹ má bínú, àǹtí. Bó ṣe ń ṣe gbogbo wa nìyẹn."

Tóyọ̀sí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Ìsẹ̀, ó ti mọ̀ pé Jeremiah Ajíbọ́lá lorúkọ rẹ̀, pé jọ́gíráfì ló ń kọ́ àwọn ọmọ l'Émùré, àti pé kò tíì gbéyàwó. Ó tún rí i pé omi inú ọ̀rá ló ń fà mu, bí ó ti ń ju ọ̀rá kan sílẹ̀ ló ń ya òmíràn.

"Ẹ̀bà oníyọ̀ lẹ jẹ ni?"

"Ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀," ni Jeremiah wí, ó sì wojú fèrèsé.

Ojú tó jẹ́ ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan.

Bí ìfẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Jeremiah ń gun ọ̀kadà wá s'Íkẹ́rẹ́, eruku á bò ó bí ìyẹ̀fun. "Nọ́ọ̀sì mi, ẹ yẹ̀ mí wò, ọkàn mi ń sáré." "Sún mọ́ mi, aláìsàn èké!" Màmá Tóyọ̀sí rán àwọn ẹbí lọ ṣe ìwádìí l'Émùré, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Wọ́n padà dé, wọ́n ní kò sí olè, kò sí ẹ̀tẹ̀, kò sí wèrè. Màmá jó yí àgbàlá ká.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó dé, àwọn alàgbà ìjọ ní kí ọkọ àti ìyàwó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnu má kan omi. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ Jeremiah ń gbọ̀n nínú ọwọ́ Tóyọ̀sí.

"Ìfẹ́ mi, ìbẹ̀rù ìyàwó ti mú ọ!" Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ahọ́n Jeremiah wúwo, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ó bì sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Àwọn kan ní àwọn ọ̀tá ló ta á lọ́fà. Tóyọ̀sí gbé e lọ sílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́.

Mercy, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, bi í pé, "Oògùn wo ló ń lò?"

"Kò lo nǹkan kan. Ṣé n ò mọ ọkọ mi ni?"

Jeremiah ló la ẹnu, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Lítíọ́mù. Ó ti pé ọdún méje."

Tóyọ̀sí fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì nípa rẹ̀! Iyọ̀ kan tí wọ́n ń lò bí oògùn ọpọlọ ni lítíọ́mù. Ó ń mú kí àwọn ońṣẹ́ tí ń gbé ọ̀rọ̀ kiri inú ọpọlọ rìn jẹ́ẹ́, kí ọkàn ẹni má fò dé òrùlé lónìí kó já sí kànga lọ́la. Òùngbẹ rẹ̀ kì í tán lọ́fun ẹni tó ń lò ó. Bí kíndìnrín kò bá sì rí omi, oògùn ò ní ríbi jáde. Á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀, á di májèlé. Jeremiah sì ń gbé e mì ní gbígbẹ láràárọ̀, kí àìsàn má baà dé bá ìgbéyàwó. Ó ṣòótọ́ sí ààwẹ̀, ó ṣòótọ́ sí oògùn, àwọn méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ó yè é, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò yéé gbọ̀n. Dókítà ní kíndìnrín ti fara pa, kò gbọdọ̀ lo lítíọ́mù mọ́. Wọn yóò dán òmíràn wò, kò sì sẹ́ni tó lè búra pé yóò bá a lára mu.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo ń dúró de ọjọ́ tí wàá dá mi mọ̀," ni Jeremiah wí. "O ò dá mi mọ̀. Inú mi dùn. Ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó wò mí tí kò rí oògùn. Máa lọ, Tóyọ̀sí. N kò mọ ẹni tí n ó jẹ́ lóṣù tó ń bọ̀."

Màmá Tóyọ̀sí dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè rẹ̀ ti tú. "O ò ní wọ ulé yẹn! Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí!"

"Màmá, ẹ dákun." Tóyọ̀sí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹ̀rín kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́. "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè ṣèlérí pé ara rẹ á yá. Mo kàn mọ̀ pé n ó máa bi ọ́ léèrè lójoojúmọ́, n ò sì ní í fojú méfò mọ́. Ìwọ náà á máa dá mi lóhùn. Bí o bá gbà, mo gbà."

"Bí mo bá wá burú ńkọ́?"

"N ó bi ọ́ léèrè nígbà náà pẹ̀lú."

Jeremiah na ọwọ́ sí i. Níwájú olúṣọ́-àgùntàn ìjọ tó wá bẹ̀ wọ́n wò, Tóyọ̀sí gbé òrùka ìgbéyàwó sókè. Ìka Jeremiah ń gbọ̀n débi pé òrùka kò wọlé, àfìgbà tí Màmá, tó ń sunkún, tó sì ń ṣépè, wá fi ọwọ́ méjèèjì di ọrùn ọwọ́ náà mú fún un. Òrùka wọlé. Olúṣọ́-àgùntàn bú sẹ́kún. Mercy bú sẹ́kún.

Bàbá arúgbó tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì wúkọ́.

"Nọ́ọ̀sì," ó ní, "dírípù tèmi ti tán látàárọ̀."