Ohùn Ọkùnrin Lábẹ́ Híjáàbù Nafeesah

Omijé ni Zakariyah kọ́kọ́ rí, kó tó rí ojú tí omijé náà ti ń bọ́. Ìrọ̀lẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ àárọ̀ ń tú jáde lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ onírọ́bà kan ní Ìsọlọ̀, ọkọ̀ àjàgbé sì tò lọ bí ẹran Iléyá. Láàárín fèrè àti èéfín yẹn, ọmọbìnrin kan fẹ̀yìn ti ògiri, híjáàbù aláwọ̀ aró bò ó dé ìbàdí. Adúmáradán ni. Ó pajú dé, ètè rẹ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́, omi ń dà lójú rẹ̀, síbẹ̀ ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Súbúhánállàhì!" ni Zakariyah wí nínú ara rẹ̀. "Orúkọ Ọlọ́run ni eléyìí ń pè nínú ariwo báyìí."

Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ náà, kì í sì í fi ìrun jáfara. Ìyá rẹ̀, Alhaja Sẹ̀kínátù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta abọ́ ní Ìsọlọ̀, ti gbààwẹ̀ gbàdúrà títí pé kí Ọlọ́run fún ọmọ òun ní obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ kì í gbẹ fún síkírì, pípe orúkọ Ọlọ́run. Bí àdúrà bá wá gbà lẹ́nu géètì, ta ni yóò ní kó padà?

Ó sún mọ́ ọn. "Ẹ kú àdúrà o."

Ọmọbìnrin náà lajú, ó yára nu ojú rẹ̀. "Kí lẹ wí, sà?"

"Mo ní Ọlọ́run á gbà á."

"Àmín." Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n gbé oúnjẹ tí kò rà wá fún. "Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni bọ̀dá tó tú ẹ̀rọ wa palẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Èmi náà ni mo tún un tò."

"Súkúrù méjì ṣẹ́kù nílẹ̀ o. Mo bá yín kó wọn pamọ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí fún Zakariyah níbẹ̀.

Nafeesah lorúkọ rẹ̀. Ó ń di ọjà sínú páálí. Ìyá rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Ìsíátù, ló ń gbé. Láti ọjọ́ náà, wọ́n á jọ wọ kẹ̀kẹ́ márúwá padà sílé, wọ́n á jọ jẹ bọ̀ọ̀lì, wọ́n á máa fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Zakariyah á ní, "Áfáà mi, ẹ fi mí sádùúrà." Nafeesah á ní, "Ẹ kọ́kọ́ lọ wá súkúrù yín." Nafeesah rò pé nítorí híjáàbù òun ló ṣe ń pe òun ní áfáà. Bí àṣìṣe ṣe ń dàgbà nìyẹn: ẹnì kan kò bèèrè, ẹnì kejì kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣàlàyé.

"Màámi, mo ti rí i," ló sọ fún Alhaja. "Ọmọ tí síkírì kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀." Alhaja dìde, ó jó láàárín abọ́.

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tí kẹ̀kẹ́ wọn já sí kòtò nítòsí Àgọ́ Palace. Orí Nafeesah bọ́ sí èjìká Zakariyah, ì bá sì dùn mọ́ ọn, bí kò bá ṣe ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ohùn ọkùnrin ni. Ó ń ti inú híjáàbù wá, ó wúwo, ó lọ́ra, bí ẹni tó ń ráhùn nínú kànga. Nafeesah fọwọ́ tẹ nǹkan létí rẹ̀, ohùn náà sì dákẹ́.

"Ta nìyẹn?"

"Ta ni?"

"Ẹni tó ń sọ̀rọ̀."

"Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, Bọ̀dá Zaka."

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Ọmọbìnrin tí Zakariyah fẹ́ ṣáájú ti bá ẹlòmíràn lọ, orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà kò sùn dáadáa mọ́. Bó bá pe Nafeesah tó gbé e, á ní ó yára gbé e jù. Bí kò bá gbé e, á ní ẹni yẹn ló wà lórí rẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá dùn nígbà tó ń mi ètè, á ní fóònù mìíràn wà nínú báàgì. Ìfura kì í jẹun kó yó.

Felix, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi ọkọ̀ gbé ẹrù nílé iṣẹ́ náà, tún da epo sí iná. "Zaka, obìnrin tó bá faṣọ bo etí, ó lóhun tó ń gbọ́. Ṣé síkírì náà ló ń fi ohùn ọkùnrin dáhùn?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò sọ nǹkan kan o. Etí rẹ ló sọ ọ́."

Ó lè bi í. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni, láàárín bọ̀ọ̀lì kan sí èkejì. Kò bi í. Pańpẹ́ ló dẹ. Ó ní kí ìyá òun pe Nafeesah wá sáàárín àwọn obìnrin ẹgbẹ́ Àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú, kó wá darí síkírì fún wọn. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún Alhaja. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, ó rò ó, yóò hàn. Bó bá jẹ́ irọ́ ni, ojú rẹ̀ á tú u fó. Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oògùn tó bá ti pọ̀ jù, májèlé ló ń dà.

Nafeesah dé pẹ̀lú Àǹtí Ìsíátù. Àwọn obìnrin tí wọ́n wọ funfun kún pálọ̀ Alhaja. Ó kúnlẹ̀, inú Alhaja dùn dé ẹnu.

"Kí loríkì rẹ, ìyàwó mi?"

"Àṣàbí, mà."

"Àṣàbí! Ọmọ tí a ṣà nínú ọmọ kí a tó bí i. Àṣàbí arẹwà, a-rìn-má-dún-bí-òjìji, ọmọ tó yọ tí ilé mọ́." Alhaja mú un lọ́wọ́ dìde. "Wá fún wa ní síkírì yẹn, èyí tó máa ń mú omi bọ́ lójú rẹ lẹ́nu géètì."

"Síkírì wo, mà?"

Zakariyah dúró ní òpó ilẹ̀kùn, kò gbójú kúrò lára rẹ̀. "Èyí tó o máa ń ṣe tó o bá pajú dé."

Nafeesah wò ó. Ó wo Alhaja. Ilé kéú kò ṣàjèjì sí i, síkírì wà lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Bó bá ti la ẹnu báyìí, ọkọ dé, ìyá ọkọ dé. Àǹtí Ìsíátù tilẹ̀ já a ní èékánná: "Ṣe é, jàre!"

"Ẹ má bínú, mà," ló wí. "Kì í ṣe síkírì. Orin ni mò ń gbọ́."

"Orin ẹ̀sìn?"

"Rárá, mà. Orin òyìnbó ni, rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Èyí tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn."

"Àsítágífírúláì!" Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹgbẹ́ òkùnkùn?"

"Kò sí ẹgbẹ́ kankan, mà. Èmi nìkan ni."

"Ohùn ọkùnrin tí mo gbọ́ ńkọ́?" Ó ti bọ́ lẹ́nu Zakariyah kó tó mọ̀.

"Olórin ni. Kò mọ̀ pé wọ́n bí mi." Nafeesah yíjú sí i pátápátá. "Ṣé ìdí tẹ́ ẹ fi ní kí wọ́n pè mí nìyí?"

Nafeesah kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó sì jáde.

Nígbà tí àlejò tú ká, Alhaja kò tíì dìde lórí ẹní. "Zakariyah, o fi mí ṣe pańpẹ́."

"Ìwádìí ni mò ń ṣe, Màámi."

"Bí wọ́n ṣe ń wádìí kọ́ nìyẹn. Ọdẹ lò ń ṣe. Ẹni tí irọ́ ì bá gbè, tó kọ irọ́ níwájú èrò, kí lo tún ń wá lára rẹ̀?" Ó kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ jọ. "Ẹ̀bìtì tí kò peku, kó fi ẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Lọ bẹ ọmọ ọlọ́mọ. Èmi náà ò mọ ohun tí orin bẹ́ẹ̀ ń ṣe létí rẹ̀ o. Bi í. Bíbi ni mo wí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó bá a lẹ́yìn ilé iṣẹ́, lábẹ́ àtíbàbà tí àwọn awakọ̀ àjàgbé ti ń jẹun.

"Nafi, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ṣé ẹ tún wá yẹ etí mi wò ni?"

"Mo wá bèèrè ni. Ohun tó yẹ kí n ti ṣe látọjọ́ yìí. Kí ni orin yẹn ń ṣe fún ọ?"

Nafeesah yọ íápíìsì kúrò létí rẹ̀, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Nígbà tí ìyá mi kú, wọ́n ní n má sunkún. Wọ́n ní omijé mi á máa jó ìyá mi nínú sàréè. Mo gbé e mì. Ẹni tó bá wọlé, 'Ó ti tó, ṣe sùúrù.' Ọ̀rẹ́ mi kan nílé ìwé ló wá fi orin yẹn sórí fóònù mi. Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ tán. Gìtá ni mo gbọ́, ó ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì nígbà tí kò síná nílé tìrẹ. Ìlù rẹ̀ ò kánjú, bí ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú àgbàrá. Ohùn ẹni tó ń kọ ọ́ ti ya. Ìdí tí mo fi gbà á gbọ́ nìyẹn, olóhùn dídùn lè tàn mí. Orin tó kù á ní kí n jó, á ní ọ̀la á dára. Tèyí kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú òkùnkùn bá mi, kò tanná, ó kàn jókòó tì mí. Tó bá fi máa parí, àyà mi á ti fúyẹ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó máa ń lè kírun tọkàntọkàn."

"Ẹ̀rín tó o máa ń rín ńkọ́?"

"Gìtá náà máa ń bú jáde lójijì, bí òjò tó ti ṣú láti àárọ̀. Ṣé kì í dùn mọ́ ẹ̀yin tó bá rọ̀ níkẹyìn?"

Zakariyah na ọwọ́. Ó gba íápíìsì náà, ó fi sétí, ó dijú pọ̀.

"Nafi, ẹ̀rọ yìí fẹ́ jóná."

"Gìtá ni, Bọ̀dá Zaka."

"Ó fẹ́ jóná, mo ní! Kí ló dé tí wọn ò pa á?"

Nafeesah bú sẹ́rìn-ín, ó gbá a lápá. Ṣùgbọ́n Zakariyah kò yọ ọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó ń mu àgbo.

"Mi ò fẹ́ràn rẹ̀," ló wí.

"Mi ò ní kẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀."

"Ìwọ ni mo fẹ́ràn. Mi ò ní dẹ pańpẹ́ fún ọ mọ́ láé."

"Bẹ́ ẹ bá tún fura ńkọ́? Mo mọ̀ yín, ẹ̀ẹ́ fura."

"Màá bi ọ́ lójúkorojú."

"Kẹ́ ẹ sì dúró gbọ́ èsì?"

"Màá dúró, olólùfẹ́ mi."

Alhaja fúnra rẹ̀ ló tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Àǹtí Ìsíátù, wọ́n sì fi ọjọ́ sí yìgì. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ènìyàn ti jókòó sábẹ́ ìbòrí níwájú ilé, áfáà ti dé, ìyàwó ò jáde. Ẹkún ló ń sun nínú yàrá. Àwọn obìnrin yí i ká: "Ó ti tó, àtíkè ojú rẹ ń bàjẹ́. Ìyàwó kì í sunkún lọ́jọ́ ayọ̀."

Alhaja wọlé, ó lé gbogbo wọn sẹ́yìn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Ní Ìsẹ́yìn wa, ìyàwó tí kò bá sunkún là ń fura sí." Ó jókòó ti Nafeesah, ó fa ohùn ẹkún ìyàwó tí òun náà fi kúrò nílé bàbá rẹ̀:

"Ìyá mi tó lọ tí kò dágbére,
Àṣàbí ń relé ọkọ o.
Mo bojú wẹ̀yìn, mi ò rẹ́ni wúre;
Ẹ bá mi jí ẹni tó sùn,
Ẹ ní ọmọ rẹ̀ ń lọ."

Nafeesah gbà á lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ya.

Níta, áfáà wo aago. Felix fi ìgúnwọ́ gún ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Zaka, lọ sọ fún un pé ó ti tó."

"Kò tíì tó," ni Zakariyah wí. "Ẹ foríjì mí, áfáà. Ẹ jẹ́ kó sunkún rẹ̀ tán."

Ó ká agbádá rẹ̀ lé orúnkún, ó gbé ọwọ́ lé e. Ohùn náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, àwọn àlejò ń wo ara wọn. Kò bèèrè nǹkan kan. Nígbà tó yá, ẹkún náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Nafeesah jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó wú.

"Ẹ ṣì wà níbí?"

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?" ni Zakariyah wí, ó sì sún fún un lórí bẹ́ńṣì.