Ìlà Tó Wà Lọ́rùn Áńgẹ́lì

Òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ lójú ọ̀run Ṣómólú ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn, agogo mẹ́ta wá dà bí ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú. Sabina nìkan ló kù sí yàrá ìyàwòrán lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró, olùkọ́ wọn, ti ní kí wọ́n ya ohun kan lára kàtídírà Reims, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan nílẹ̀ Faransé, níbi tí wọ́n ti ń dé àwọn ọba ibẹ̀ ládé láyé àtijọ́. Ẹni tó bá yà á dáadáa jù ni yóò ṣojú iléèwé níbi ìdíje. Ọjọ́ kejì ni wọn yóò gbà á, bẹ́ẹ̀ àwòrán Sabina kò jọ nǹkan kan.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá pépà mìíràn. Ohun tó rí mú un ta gìrì: àwòrán áńgẹ́lì òkúta kan tó tẹ orí díẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìlà tín-ín-rín kan yí ọrùn rẹ̀ ká. Orúkọ Níní ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ Sabina ni Níní. Ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wọn, wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn eegun ní Igbóbì.

"Ta ni yóò mọ̀?" Sabina bi ara rẹ̀. Ó fi rọ́bà pa orúkọ náà rẹ́, ó kọ tirẹ̀. Ó gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ẹ̀, bí ìgbà tí òkúta bá sán. Ó yíjú. Kò sẹ́nì kankan. Nígbà tó padà wo àwòrán náà, ẹ̀rín yẹn kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Nílé wọn ní Bàrígà, Màmá Àgbà ń to ẹja sórí ààrò. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà.

"Ta ni ẹni tí wọ́n so orí mọ́ lọ́rùn yìí? Gbé e kúrò níbí, ọmọ mi. Ó ń wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan ẹ̀ padà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, inú Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró dùn. "Iṣẹ́ ńlá nìyí! Kí ni ìlà ọrùn yìí?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ ni, sà."

"Ìlẹ̀kẹ̀ kọ́. Lásìkò ogun, lọ́dún 1914, iná jó kàtídírà náà. Orí áńgẹ́lì yìí já bọ́, ó fọ́. Wọ́n ṣa àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n sì tún un lẹ̀ padà." Ó wo Sabina títí. "Bóyá inú fọ́tò lo ti rí ìlà náà láìmọ ìtàn rẹ̀. Ó dáa, ìwọ ni mo mú."

Sabina kò lè yọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó lọ sí Igbóbì. Níní nà gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle kan de ọrùn rẹ̀, gan-an níbi tí ìlà áńgẹ́lì náà wà.

"Ọjọ́ tí mo ya áńgẹ́lì mi tán ni mo ṣubú," Níní wí jẹ́jẹ́. "Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, nígbà tí òjò ṣú, mo tòògbé. Áńgẹ́lì náà wá bá mi. Ó ní wọ́n ti pa orúkọ mi rẹ́."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Sabina bú sẹ́kún. "Níní, èmi ni. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Níní kò lè yí ọrùn. Ojú nìkan ló gbé kúrò lára Sabina.

Ní Ọjọ́ Ajé, Sabina jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọ́n fún un ní òdo, ó sì tọrọ àforíjì níwájú gbogbo iléèwé. Iṣẹ́ Níní ló lọ síbi ìdíje, ó gbé ipò kejì.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Níní padà wá. Sabina bá a gbé àpò rẹ̀ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

"Mo ti dárí jì ẹ́," Níní wí, "àmọ́ mi ò tíì lè fọkàn tán ẹ."

Sabina kò bínú; ó mọ̀ pé òun lòun fà á. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Olè ni ẹni tó bá jí iṣẹ́ ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ fọ́lé. Èyí tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, bó ti wù kó kéré tó, òun ló lè fi yangàn.